Ta Ló Fọ Dúrọ́ọ̀mù Kifayah?

Dúrọ́ọ̀mù náà mọ́ débi pé nígbà tí mo gbé ọ̀kan dúró tí mo yọjú wo inú rẹ̀, mo rí ojú ara mi, mo rí irun imú mi, ó kù díẹ̀ kí n rí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo máa dá lọ́dún tó ń bọ̀. Mẹ́rin ni wọ́n, aláwọ̀ búlúù. Wọ́n dojú wọn délẹ̀ lórí pákó, wọ́n tò wọ́n láti orí èyí tó tóbi jù dé orí kékeré, bí àwọn ọmọléèwé tó ń dúró de ẹgba.

"Sàníù," Màmá Sájẹ́ǹtì pè mí, "ta ló máa ń da nǹkan oníǹkan nù, tó tún máa ń dúró fọ abọ́ rẹ̀?"

"Ìyàwó tuntun ni, mà."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín obìnrin yìí wọ́n ju òjò inú ọyẹ́ lọ. Gbọ́njúbọ́lá lorúkọ wọn. Wọ́n ṣe ọlọ́pàá títí wọ́n fi di sájẹ́ǹtì, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n wá ń jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù kan ní Moniya. Bí ẹ bá rí wọn nínú aṣọ funfun láìwọ bàtà, ẹ ó ní ìyá jẹ́jẹ́ kan ló ń lọ yẹn. Irọ́ ni o. Ojú wọn lè dúró sí Adegbayi ní Ìbàdàn kó máa ka ẹsẹ̀ èèrà lára ògiri Ìrókò. Èmi ni mo ń fi ọ̀kadà gbé wọn kiri. Èmi náà ni mo lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá, torí Akóredé tí ọlọ́pàá tì mọ́lé yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí ọ̀rọ̀ wá.

Kifayah, ọmọ Ìrókò níbí, kàwé títí ìwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìlú òyìnbó lọ, òun gba ọ̀nà oko baba rẹ̀ padà. Ó kọ́ ilé páànù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí. Ó ní èèpo ẹ̀gẹ́ tí àwọn ìyá wa ń dà sígbó, tó ń rà, tó ń rùn, òun máa sọ ọ́ di ohun tí ayé ń wá. Mo ní tó bá parí ti èèpo, kó wá bá mi sọ èéfín ọ̀kadà mi di tòlótòló.

Àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ ni ìwúkàrà, ohun tí àwọn oníbúrẹ́dì ń pè ní yíìsì. Nǹkan abẹ̀mí ni. Ó kéré débi pé iye rẹ̀ tó pọ̀ tó èrò Ìbàdàn lè sùn sórí èékánná ọmọ tuntun, kí àyè ó tún ṣẹ́kù fún àlejò. Kifayah wọ inú ìwúkàrà yìí bí mẹkáníìkì ṣe ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó yọ tibí, ó so tọ̀hún mọ́ ọn, títí ìwúkàrà fi ń jẹ omi èèpo ẹ̀gẹ́, tó sì ń ṣe òróró kan jáde tó ń hó bí ọṣẹ. Epo àti omi tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí Ọlọ́hun ti dá wọn, òróró yìí ló ń parí ìjà wọn. Kán an sínú oògùn tí àgbẹ̀ ń fọ́n, oògùn á lẹ̀ mọ́ ewé. Dà á sílẹ̀ tí mẹkáníìkì da epo dúdú sí, epo á ṣí kúrò. Kò sì ní pa ẹja inú odò. Ẹja tó bá gbé e mì, ńṣe ni inú rẹ̀ á kàn mọ́.

Ìrókò ti ń múra láti yọ̀. Ibà ló mú Kifayah. Ibà lásán. Ọ̀sẹ̀ tí a ní ara rẹ̀ ti ń yá, ọ̀sẹ̀ yẹn náà la sin ín.

Ìwúkàrà rẹ̀ ò kú. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin yìí, ó ń hó. Irúgbìn rẹ̀ wà nínú àwọn ìgò kéékèèké nínú fíríìjì. Kò síbòmíràn láyé tí irú rẹ̀ wà. Akóredé, tó fẹ́ gbé Kifayah níyàwó, ń bọ́ ọ bí ẹni ń bọ́ ọmọ aláìníyàá. Sátidé tó ṣáájú àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó bọ́ ọ láàárọ̀, ó tilẹ̀kùn, ó lọ ń wá àgbò àti àga. Lọ́jọ́ kejì àdúrà ni àwọn tó fún Kifayah ní ẹ̀rọ wá láti Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ gbé irúgbìn náà lọ síbi tó láàbò. Akóredé ṣílẹ̀kùn fún wọn. Dúrọ́ọ̀mù ti ṣófo. Ìgò ti ṣófo. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ba ilẹ̀kùn jẹ́.

"Kọ́kọ́rọ́ kan, èèyàn kan, fóònù kan," ni Insipẹ́kítọ̀ Hezekiah wí. Òun ló mú un. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn, torí abẹ́ Màmá Sájẹ́ǹtì ló ti kọ́ṣẹ́ rí. "Ọwọ́ ọmọkùnrin yẹn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ilé iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ kan ní Èkó pè é lórí fóònù ní ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ọmọbìnrin náà. Ó ta irúgbìn, ó pa ìyókù kó má bàa sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀la là ń gbé e lọ kóòtù, Mọ̀mí."

"Kí lèyí?" Màmá Sájẹ́ǹtì nàka sí eérú kan nínú ìdérí agolo nílẹ̀.

"Ètùtù ni. Ẹ̀rù ẹ̀mí olóògbé ló ń bà á."

Màmá Sájẹ́ǹtì fi ìka bọ eérú náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Turari ni. Ti ṣọ́ọ̀ṣì wa kọ́; tiwa, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Èyí ni igi tí wọ́n rẹ sínú lọ́fínńdà, tí àwọn ìyàwó ilé ń jó sínú yàrá kí àlejò tó dé. Kò sẹ́ni tó ń fi èyí ṣètùtù, Hezekiah. Wọ́n fi ń lé òórùn ni." Wọ́n yíjú sí orí pẹpẹ. Ìgò kan wà níbẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ́n bí oyin. "Èyí ńkọ́?"

"Òróró tó ti ṣe tán nìyẹn."

"Òun gan-an ni ọlọ́ṣẹ ń wá?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tó fẹ́ tajà wá fi ọjà sílẹ̀ lórí pẹpẹ, ó ń fi kànrìnkàn fọ dúrọ́ọ̀mù." Wọ́n mi orí. "Olè kì í gbálẹ̀. Ọ̀tá kì í fọ abọ́. Ẹni tó ṣe èyí ò mọ èyí tó níye lórí nínú yàrá yìí. Ohun tó ń rùn nìkan ló kó, ó fi èyí tí kò rùn sílẹ̀."

Hezekiah họ orí. "Mo fún yín láyè di ìrọ̀lẹ́, Mọ̀mí."

*

Ẹni tí gbogbo Ìrókò kọ́kọ́ fura sí ni Najeem, olówò ewúrẹ́. Kí Kifayah tó dé, òun ló ń kó èèpo ẹ̀gẹ́ fún ẹran rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí èèpo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú dúrọ́ọ̀mù, ó dúró láàárín ọjà, ó ní òun máa da ilé páànù yẹn wó.

"Ṣé lóòótọ́ lo sọ bẹ́ẹ̀?" Màmá Sájẹ́ǹtì bi í.

"Mo sọ ọ́. Mo tún sọ lọ́jọ́ yẹn pé màá di gómìnà."

"Ibo lo wà ní Sátidé?"

"Mo wà níbí tí mò ń sunkún nítorí ewúrẹ́ mi. Ẹ̀yin ọlọ́pàá ò tiẹ̀ bi mí nípa ìyẹn. Ẹnu abo ewúrẹ́ mi kan ń hó. Ọṣẹ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ọṣẹ ń jáde nímú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé aṣọ ìdọ̀tí ìyàwó mẹ́ta síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, á fọ̀ ọ́ mọ́ kí oòrùn tó wọ̀."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Màmá Sájẹ́ǹtì gbá mi létí díẹ̀, bí ìyá ṣe ń ṣe.

"Ó kú ni?"

"Kò kú. Ó sùn, ó jí, ó tún bí méjì. Ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní nǹkan jẹ, ìyẹn ni mò ń wí."

"Ibo ló ti jẹun?"

"Lẹ́yìn ilé páànù náà, nídìí agbálùmọ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó rí wúrà."

A padà lọ síbẹ̀. Lóòótọ́, ilẹ̀ ìdí agbálùmọ̀ rọ̀, wọ́n sì da ewé gbígbẹ lé e. Mo fi ọkọ́ Najeem wà á. Kò jìnnà kí òórùn tó kọlù wá, èyí tó lè dá àwọn arìnrìn-àjò padà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni, ó ti di ẹ̀kọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ inú ilẹ̀.

"Gọ́tà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé yẹn," Màmá Sájẹ́ǹtì sọ. "Ẹni tó kàn fẹ́ da nǹkan nù, gọ́tà ló máa dà á sí. Ẹni yìí ru ohun inú dúrọ́ọ̀mù wá síbí díẹ̀díẹ̀. Ó gbẹ́lẹ̀. Ó bò ó. Ó tún wá ewé lé e. Kí ló ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ báyẹn, Sàníù?"

"Ológbò."

"Ìtìjú." Wọ́n bu díẹ̀ sí mi lọ́wọ́. "Kí ni òórùn yìí jọ?"

Mo gbé e símú. Mo fẹ́ ṣàwàdà, ṣùgbọ́n ohun tí imú mi mọ̀ ni mo sọ. "Ẹmu ni, mà. Ẹmu àná tí wọ́n gbàgbé sínú akèrègbè."

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo ìhà ibi tí agbo ilé Kifayah wà, níbi tí a ti ń rí òkè mọ́sálásí láàárín igi. Wọ́n gun ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó di àgọ́ ọlọ́pàá ní Moniya.

*

Akóredé ti gbẹ bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sórí ààrò. Ó sún mọ́ irin, kò kí wa. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: "Ṣé ẹ rí i? Ṣé ó ṣẹ́ kù?"

"A rí ibi tí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ sí," Màmá Sájẹ́ǹtì wí. "Ṣé ó lè wà láàyè níbẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe fọ dúrọ́ọ̀mù yẹn, omi híhó ni wọ́n lò. Èyí tí omi híhó ò bá pa, kòkòrò ilẹ̀ á ti jẹ ẹ́ tán. Ọmọ tí wọ́n ń bọ́ nínú ilé ni, mà. Kò mọ ìyà." Ó fi iwájú orí ti irin.

"Ọlọ́ṣẹ Èkó ńkọ́?"

"Wọ́n pè mí, lóòótọ́. Mo sọ fún wọn pé òkú rẹ̀ ò tíì tutù. Mo pa fóònù."

"Akóredé, ṣé nǹkan yẹn ń ṣe ọtí?"

Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ẹkún ń gbé lẹ́yìn. "Ibi tí Kifayah ti jìyà jù nìyẹn. Ìwúkàrà tó kọ́kọ́ mú, ọtí ló ń ṣe. Gbogbo ìwúkàrà ló ń ṣe é. Ó ní ọmọ Alhaja kọ́ ló máa pọn ọtí ní Ìrókò. Ó wá ibi tí ọtí ti ń jáde nínú rẹ̀ kiri títí, ó rí i, ó dí i pa. Ọjọ́ tó rí i, ó jó yí ilé páànù yẹn ká. Òórùn nìkan ló kù, ó ní òun máa lé ìyẹn náà lọ tó bá yá."

"Alhaja, ìyá rẹ̀, mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ọṣẹ ni. Wọn ò wọlé rí. Kifayah ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, kí kòkòrò má bàa bá ẹsẹ̀ wọlé. Èmi gan-an, mo ń bọ́ bàtà, mo ń fọwọ́, mo ń bo imú kí n tó fẹsẹ̀ kan ibẹ̀."

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló ṣí ilẹ̀kùn náà?"

"Méjì. Tèmi àti tirẹ̀."

"Tirẹ̀ dà?"

"Ó wà nínú báàgì rẹ̀. A gbé báàgì rẹ̀ fún..."

 Mo rí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe dé bá a. Ó wọ̀ ọ́ láti orí, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní. "Ẹ má lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ kóòtù."

"Ṣé o gbọ́ ohun tó ń tẹnu ẹ jáde, Akóredé?" mo ní. "Wọ́n máa sọ ẹ́ sẹ́wọ̀n."

"Èèyàn ń ti ẹ̀wọ̀n dé, Bùrọ̀dá Sàníù. Bí màámi bá mọ ohun tí wọ́n dà nù, ibo ni wọ́n ti máa dé?"

*

Lójú ọ̀nà, Màmá Sájẹ́ǹtì ní kí n dúró sábẹ́ igi kan.

"Gbọ́," wọ́n ní. "Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ òkú. Ẹni tó ń fọ abọ́ kódà nígbà tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ẹni tí àlejò ń bọ̀ wá bá, tó ń jó turari. Ẹni tí òórùn ọtí ń tì lójú nítorí ọmọ rẹ̀. Èèyàn kan péré ni."

"Mo ti mọ̀, mà."

"Ó dáa. Mo lè mú kó jẹ́wọ́ kí n má sọ fún un pé ọtí kọ́. Akóredé á jáde. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn á gbà títí ọjọ́ ikú pé ọmọ òun purọ́ fún òun, ó sì ń pọn ọtí. Tàbí kí n sọ òótọ́ fún un, kó mọ̀ pé ọmọ òun mọ́, kó sì mọ ohun tí ọwọ́ òun ṣe. Èwo lo máa mú?"

Èmi Sàníù tí mo ní èsì fún àwọn ọlọ́pàá ojú pópó, fún àwọn àna mi, fún àwọn tó ń bú mi láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Mo ní: "Ẹ jẹ́ ká padà sílé, mà."

"Ọ̀la ni kóòtù," wọ́n ní. "Wa ọ̀kadà."

*

Alhaja Mùsílímátù jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Awọ ọwọ́ ọ̀tún wọn ti bó láti ìka dé ọrùn ọwọ́, bí ọwọ́ ẹni tí omi gbígbóná jó. Mo rí i. Màmá Sájẹ́ǹtì náà rí i, wọ́n gbójú kúrò níbẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó tì wọ́n.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Alhaja. Ọlọ́hun á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín. Ẹ ṣeun. Sàníù, ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti yó, Alhaja." Láti àná ni mi ò ti fi nǹkan kan ẹnu.

"Nítorí Akóredé la ṣe wá," Màmá Sájẹ́ǹtì ní. "Ọ̀la ni wọ́n ń gbé e lọ kóòtù."

Tẹ̀sùbáà dúró. "Kóòtù kẹ̀? Wọ́n ní wọ́n kàn fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ ni. Wọ́n ní á dé lónìí."

"Wọ́n ní òun ló da ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù nù."

Alhaja wo ẹní. Adìẹ kan kọjá, ó ṣa nǹkan jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ó lọ.

"Bí mo bá sọ̀rọ̀," wọ́n ní nígbẹ̀yìn, "ẹ ó ba orúkọ ọmọ mi jẹ́. Ara rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Orúkọ ló kù fún mi."

"A ò ní bà á jẹ́."

"Mo lọ síbẹ̀ kí n lọ mú hìjáàbù rẹ̀ tó fi síbẹ̀. Mo kàn fẹ́ gbóòórùn ara rẹ̀ ni. Mo ṣílẹ̀kùn, òórùn ọtí ló pàdé mi." Ohùn wọn kò gbọ̀n, ó kàn ń kéré sí i. "Dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin. Ó ń hó bí ti àwọn tó ń pọn ọtí. Mo ní, háà, ìdí rẹ̀ nìyí tí kò fi jẹ́ kí n wọlé rí. Ọṣẹ ló ní òun ń ṣe, mo ti bá a yọ̀, mo ti sọ fún gbogbo ilé. Ọmọ tí mo bí purọ́ fún mi. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn àáfà ń bọ̀ wá bẹ Ọlọ́hun fún un. Báwo ni wọ́n ṣe máa gbé orúkọ rẹ̀ sókè, kí ọtí máa hó lórúkọ kan náà nísàlẹ̀? Mo gbé omi kaná. Mo kó ohun inú dúrọ́ọ̀mù àti ti ìgò inú fíríìjì, mo bò ó mọ́lẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, títí mi ò fi mọ ìgbà tí ọwọ́ mi bó. Mo jó turari. Mo ní, Ọlọ́hun, bí ẹ̀ṣẹ̀ yìí bá máa wà lọ́rùn ẹnì kan, ọrùn mi nìyí."

Mo wojú Màmá Sájẹ́ǹtì. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, obìnrin yẹn ti mú àwọn adigunjalè tí ọ̀bọ ń sá fún. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Alhaja," wọ́n ní, "ọtí kọ́ ni."

"Ẹ̀n?"

"Ọtí kọ́ ni. Ìwúkàrà ni, àwọn ẹbí rẹ̀ yòókù ló ń ṣe ọtí. Ọmọ yín ni kò gbà. Ó ní ọmọ Alhaja kọ́ ló máa pọn ọtí ní Ìrókò. Ó dí ọ̀nà ọtí pa nínú rẹ̀. Òórùn nìkan ni kò tíì lè lé lọ. Ẹ bi Akóredé. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé nítorí ìdọ̀tí ẹsẹ̀ lè pa á."

"Ọṣẹ ni?"

"Ọṣẹ ni."

"Kò purọ́ fún mi?"

"Kò purọ́ fún yín rí."

Ojú Alhaja là. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, mi ò sì fẹ́ rí i mọ́. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ọwọ́ tó bó yẹn àti èkejì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn. "Alhamdulillahi. Ọmọ mi mọ́. Ọṣẹ ni. Sàníù, o gbọ́? Ọṣẹ ni ọmọ mi ń ṣe."

"Mo gbọ́, Alhaja."

"Ọmọ mi ò pọn ọtí."

"Kò pọn ọ́n, Alhaja."

Wọ́n ń nu ojú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Ọwọ́ wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó rọra wálẹ̀, bí ìgbà tí iná bá ń kú lójú àtùpà, títí ó fi dé orí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n yí i padà, wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ náà.

"Kí wá ni mo dà nù?"

 Màmá Sájẹ́ǹtì mú ọwọ́ tó bó yẹn, wọ́n gbé e lé orí ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n di í mú.

Ó pẹ́ kí Alhaja tó dìde. Wọ́n wọlé, wọ́n fi gèlè bo orí, wọ́n jáde. "Ẹ gbé mi lọ bá ọmọ yẹn," wọ́n ní.

*

Alhaja sọ ọ́ fún Hezekiah lórí ìdúró. Ó ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ní rárá. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn wọn sókè, kí ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà gbọ́, kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́: ohun tí ọmọ wọn ṣe, pé kì í ṣe ọtí, ohun tí àwọn fúnra wọn ṣe sí i. Hezekiah ṣí fìlà rẹ̀.  Ó wo Màmá Sájẹ́ǹtì, Màmá Sájẹ́ǹtì wo ilẹ̀, ó sì rán ọlọ́pàá kan lọ ṣí irin.

Akóredé jáde. Ó rí Alhaja, ó rí ọwọ́ wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ǹtì.

"Dìde, ọmọ mi. Èmi ni. Èmi ni mo ṣe é."

"Mo mọ̀, màámi."

"O mọ̀, o sì fẹ́ máa lọ sẹ́wọ̀n."

 Ó dìde. Alhaja di apá aṣọ rẹ̀ mú bí ọmọdé ṣe ń di ti ìyá rẹ̀ mú lọ́jà.

"Akóredé," wọ́n ní, "ṣé o lè ṣe òmíràn?"

Mo ti gbọ́ irọ́ nínú ayé mi. Mo ti pa á tó láti fi kún ọkọ̀ àjàgbé méje. Mo ń bẹ Ọlọ́hun nínú mi pé kí ọmọkùnrin yìí pa ẹyọ kan péré, irọ́ kékeré, kó ní ó ṣeé ṣe, kó ní ó kù díẹ̀.

"Òun ló mọ̀ ọ́n, màámi," ó ní. "Èmi, èèpo ni mo ń bá a gbé."

Alhaja mi orí lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò tú aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

Màmá Sájẹ́ǹtì ní kí n gbé Alhaja àti Akóredé, bọ́ọ̀sì ni àwọn fúnra àwọn máa wọ̀. Alhaja jókòó sáàárín, wọ́n gbé orí lé ẹ̀yìn mi. Láti Moniya dé Ìrókò, mo rọra ń lọ lẹ́bàá títì bí ẹni gbé ẹyin. Àwọn onímọ́tò ń fọn fèrè fún mi, wọ́n ń bú mi, wọ́n bú baba mi, wọ́n bú ẹni tó kọ́ mi ní ọ̀kadà. Mo jẹ́ kí wọ́n máa bú mi lọ. Ẹ̀yìn aṣọ mi ti tutù rinrin.